Akàn tí kò lórúkọ lójú ewé oúnjẹ yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ọdún 31 ni mo fi ta akàn àti ẹja tútù ní Ọjà Olúwo kí orúnkún tó ní kí n jókòó sílé. Ìwé ìròyìn yín kì í wọ́n nílé mi. Ohun tó mú mi kọ̀wé lónìí ni ọbẹ̀ akàn tí ẹ gbé sí ojú ewé oúnjẹ lóṣù tó kọjá. Ẹ sọ iye ata rodo, ẹ sọ iye tàtàṣé, ẹ sọ bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ ikùn akàn, gbogbo rẹ̀ ló sì tọ̀nà. Nígbà tí ẹ wá dé orí akàn fúnra rẹ̀, ẹ kàn ní kí ènìyàn ra akàn ńlá mẹ́fà. Mẹ́fà láti inú omi wo? Ta ló dẹ ìgèrè tó fi mú un? Mo ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i.

Mi ò wá bá yín jà. Ká ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ì bá kà á kọjá. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ akàn níbi tí wọ́n ti ń so orúkọ mọ́ ọn lápá, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ sí Jàpáànù, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Maizuru ni wọ́n ń gbé, ìlú èbúté kan lápá àríwá ìpínlẹ̀ Kyoto, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ Kyoto, ìlú àtijọ́ tí ilé òrìṣà pọ̀ sí ni ọkàn wọn ń lọ. Ìpínlẹ̀ náà gùn kọjá ìlú náà. Òkè rẹ̀ kan òkun tó wà láàárín wọn àti Kòríà, òkun ọ̀hún sì jìn, ó tutù, ó máa ń le gan-an bí ọyẹ́ wọn bá ti wọlé dé. Inú omi yẹn ni akàn tí mo fẹ́ sọ ti ń wá.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù méjì, àna mi wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní padà sí Ẹ̀pẹ́ láìjẹ akàn Taiza. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀." Ó ti gba ààyè sílẹ̀ nílé oúnjẹ kan ní Taiza, abúlé èbúté kan, láìsọ fún wa.

Mo pọn ọmọ, a wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ní Nishi-Maizuru. Ó gba orí afárá odò Yura kọjá níbi tí odò náà ti ń wọ òkun. Afárá náà rẹlẹ̀ débi pé nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, omi nìkan ni mo rí, àfi bí ìgbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ igi láàárín ọ̀sà. A sọ̀ ní Amino, a wọ bọ́ọ̀sì. Òjò rọ̀, ó dá, oòrùn yọ, yìnyín já, òjò tún rọ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Uranishi ni wọ́n ń pe irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Tango. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé bí o bá gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ, má gbàgbé agboòrùn. Àna mi ní ọ̀rinrin yìí kan náà ló ń ran aṣọ sẹ́dà wọn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ti ń hun láti ọdún 1720, nítorí pé fọ́nrán sẹ́dà kì í tètè já níbi tí afẹ́fẹ́ bá lómi nínú.

Orúkọ Taiza fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Wọ́n ní ayaba Hashihito, ìyá ọmọ ọba Shotoku, sá fún ogun wá fara pamọ́ sí abúlé náà ní ayé àtijọ́. Nígbà tó ń padà lọ, ó fi orúkọ ara rẹ̀ ta àwọn ará ibẹ̀ lọ́rẹ nítorí inú rere wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n láti máa pe orúkọ ayaba ní gbangba. Wọ́n bá ń fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kọ orúkọ abúlé wọn, ṣùgbọ́n Taiza ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé ó dìde kúrò níbi tó jókòó sí, ó lọ. Ère ìyá àti ọmọ náà wà létí òkun títí di òní. Èmi ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ pé a kì í ṣàdédé pe orúkọ àgbà, mo dúró síwájú ère náà nínú òjò, ọmọ mi sì ń fi agboòrùn bo èmi àti ọmọ ẹ̀yìn mi.

Ilé oúnjẹ náà kò tóbi. Akàn ni wọ́n ń sè níbẹ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, tí òfin ṣí òkun sílẹ̀ fún pípa rẹ̀, títí di ọjọ́ 20 oṣù Kẹta tí wọ́n tún tì í. Ìyá tó ni ilé náà tó ẹgbẹ́ mi. Ó kúnlẹ̀ kí wa lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà kúnlẹ̀ kí i padà, ó sì di ọwọ́ mi mú kí n má baà fi orúnkún yẹn gbálẹ̀. Òun ló fúnra rẹ̀ mú mi jókòó.

Kó tó gbé ohunkóhun kaná, ó gbé akàn náà wá hàn wá láàyè nínú apẹ̀rẹ̀. Akọ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jìnnà ju ti akàn ọ̀sà wa lọ, ó tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ojú rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Taiza. Lápá rẹ̀ kan, wọ́n so àmì ike kékeré aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Àna mi wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó kà pé akàn Taiza ni. Ó yí i sẹ́yìn, ó ka orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó mú un wá. Maru ló parí orúkọ náà, bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja wọn.

Mo ní kó tún un kà.

Ọkọ̀ márùn-ún péré ló ń kó akàn wọ èbúté Taiza. Ibi tí wọ́n ti ń pa á kò jìnnà sí etí òkun, nítorí náà wọ́n á jáde lóru, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọkọ̀ ńlá ibòmíràn a máa sùn sórí òkun fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìgbì bá le, kò sí akàn nìyẹn, owó yòówù kí ènìyàn gbé wá. Ìyá náà ní fún ọjọ́ méjì gbáko, ọkọ̀ kankan ò jáde, àná ọjọ́ tí a dé ni òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀.

Mo bèèrè bóyá mo lè fọwọ́ kàn án. Ojú ti ọmọ mi láti túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ti mọ ohun tí mo fẹ́, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sún mọ́ mi. Mo gbé akàn náà lọ́wọ́ wò, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tẹ̀. Ó wúwo, ẹran kún un dé góńgó. Àwa alákàn mọ̀ pé akàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo a máa tóbi lójú, ṣùgbọ́n omi ló máa ń wà nínú rẹ̀. Akàn olómi ni èmi ń pè é, n kì í sì í tà á fún oníbàárà tí mo bá fẹ́ kó padà wá. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ èyí, ìyá náà pàtẹ́wọ́. Mizugani ni wọ́n ń pe tiwọn, omi sì ni mizu. Orúkọ kan náà ni èmi àti òun fún un, láìjẹ́ pé a ti gbọ́ ohùn ara wa rí! Ó ní àwọn apẹja Kyoto ti fẹnu kò pé àwọn kò ní kó o wá sílé mọ́, pé inú òkun ni wọ́n ń dá a padà sí kó lọ kún.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Àwọn hóró dúdú kan lẹ̀ mọ́ ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀. Ká ní lórí àtẹ mi ni, mo ti hó wọn dànù kí oníbàárà tó dé. Ìyá náà mi orí. Ó ní ẹyin eṣúṣú inú òkun ni, pé orí ohun tó bá le ni eṣúṣú náà ń yé e sí, kò sì ń ṣe akàn ní nǹkan kan. Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, nítorí lójú tiwọn, akàn tí hóró dúdú bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti pẹ́ tó ti bọ́ èèpo gbẹ̀yìn, ẹran rẹ̀ á ti kún. Ọdún 31 ni mo fi ta akàn, èyí kò ta sí mi létí rí. Inú mi dùn pé mo bi í.

Ẹ̀dá kan náà ni akàn yìí láti etíkun kan dé èkejì. Zuwaigani ni orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Fukui, Echizen ni wọ́n ń pè é, àmì aláwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n sì ń so mọ́ ọn láti ọdún 1997. Ní Ishikawa, Kano ni, àmì tirẹ̀ jẹ́ búlúù. Ní Tottori àti Shimane, Matsuba ni. Abo rẹ̀, tó kéré sí akọ púpọ̀, ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú: koppe ní Kyoto, seiko ní Fukui, kobako ní Ishikawa. Orúkọ wọ̀nyí sì ń pa owó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ta akàn kan ṣoṣo láti Tottori ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 5 yen. Èyí ti pọ̀ jù lójú mi, ìpolówó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún akàn ló wà nídìí rẹ̀, kì í sì í ṣe irú rẹ̀ ni mo ń tọrọ fún Ẹ̀pẹ́. Orúkọ náà ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe sè é, nítorí ojú ewé oúnjẹ yín ló fa ọ̀rọ̀ wá. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá láìsè. Wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n rì í sínú omi yìnyín, ẹran náà sì ya bí òdòdó funfun. Wọ́n ní ó tanná nìyẹn. N kò jẹ ohun inú omi tí kò jiná rí. Mo mú ẹyọ kan. Adùn rẹ̀ kò jọ ti iyọ̀, kò jọ ti ṣúgà, ó kàn rọra ń tú sílẹ̀ lórí ahọ́n. Ẹyọ kan náà tó fún mi.

Èyí tí wọ́n sun lórí èédú ni mo kúndùn jù. Ìyá náà kò kúrò lẹ́bàá iná. Bí èèpo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, á yí i. Bí ẹran bá ti wú díẹ̀ kúrò lára èèpo, á gbé e sọ̀ kalẹ̀ kíá kó má baà gbẹ. Lẹ́yìn náà ó sọ ìkarahun ẹ̀yìn akàn náà di ìkòkò, ó gbé e ka èédú pẹ̀lú ọ̀rá inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kani miso, ó ń hó wùyẹ̀wùyẹ̀. Mo fi ṣíbí kékeré bù ú sẹ́nu, ìyá mi ló sì wá sí mi lọ́kàn. Òun nìkan ló máa ń jẹ ọ̀rá inú akàn nílé wa. Á ní ọmọdé kò tíì mọ adùn rẹ̀, á sì fi ìka nu ìkarahun náà mọ́ tónítóní. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ìyókù akàn náà wọ inú ìkòkò omi ewé òkun, pẹ̀lú ewébẹ̀ àti olú. Nígbà tí a jẹ ìyẹn tán, wọ́n da ìrẹsì àti ẹyin sínú omi tó kù, ó di bí ògì tó ki, gbogbo adùn akàn sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ata níbẹ̀ rárá. N kò wá a. Ata ni mo fi dàgbà, mo sì ń sọ ọ́ fún yín pé akàn tó bá tuntun tó báyìí, ata á bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ilé a máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń jẹ akàn ní Jàpáànù, nítorí pé yíyọ ẹran inú ẹsẹ̀ gba gbogbo ọwọ́ àti ojú. Ọmọ-ọmọ mi sùn lẹ́yìn mi títí. Iye tí àna mi san, kò sọ fún mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe irú rẹ̀ mọ́ nítorí mi.

Wọ́n gbé abo kan wá pẹ̀lú, koppe, tí ẹyin wà nínú rẹ̀ àti lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ dàrú. Ó dùn. Ṣùgbọ́n èmi mọ iye abo akàn ẹlẹ́yin tí mo ti tà láìka oṣù, nítorí pé oníbàárà fẹ́ràn ẹyin rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wọn, òpin oṣù Kejìlá ni wọ́n ti ń dáwọ́ abo dúró. Akọ tí ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 9, inú omi ló ń padà sí, nítorí pé ó ń gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò bí wọn mọ́ ọgbọ́n yìí. Àna mi ní láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn apẹja Kyoto a máa kó ju 300 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún tó bá dára, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọdún 1980, kò pé 60 mọ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán. Láti ọdún 1983 ni wọ́n ti ń ju búlọ́ọ̀kù kọnkéré ńláńlá sí ìsàlẹ̀ òkun láwọn ibi tí akàn ti ń bímọ, kí àwọ̀n ẹnikẹ́ni má lè wọ́ kọjá níbẹ̀. Akàn náà ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn apẹja Kyoto wọ̀nyí ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí MSC ní gbogbo Jàpáànù, ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọn kò pa ẹ̀dá omi ní ìpa run.

Kí a tó dìde, ìyá náà já àmì aláwọ̀ ewé yẹn, ó fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Olóòtú, ọkùnrin kan wà tó ń kó akàn fún mi fún ọdún 22. Ìgèrè ló ń dẹ, fúnra rẹ̀ ló sì ń hun ún. Bí mo bá ṣí agbọ̀n rẹ̀, n kì í rí akàn olómi nínú rẹ̀, n kì í rí òkú. Bí ó bá rí i pé èyí tí òun rí pa kò dára, kò ní wá lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà mi láti Èkó mọ̀ pé akàn mi dára ju ti ẹgbẹ́ mi lọ, èmi ni wọ́n sì ń yìn. N kò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnì kankan nínú wọn rí. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á lọ bá a fúnra wọn. Ó ti kú ní ọdún kan ṣáájú ìrìn àjò mi yìí. Nígbà tí àna mi ka orúkọ ọkọ̀ ojú omi yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin yìí ni mo rí. Ọmọ mi bèèrè ohun tó ń ṣe mí, n kò lè dá a lóhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó. Bí ẹ bá tún kọ nípa akàn, tàbí ẹja, tàbí edé, ẹ kọ omi tó ti wá àti èbúté tó gbà wọlé. Bí apẹja náà bá gbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, tàbí ti ọkọ̀ rẹ̀. Akàn tó wà nítòsí ibi tí omi òkun ti ń wọlé kò dùn bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà lókè ọ̀sà, àwọn tó ń tà á mọ̀ ọ́n yàtọ̀ láìfi ẹnu kàn án. Ẹ bi wọ́n. Àwọn kan á ní Jàpáànù lówó, wọ́n ní yìnyín, wọ́n ní iná tí kì í lọ. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹ fi wọ́n wé wa nínú ìyẹn. Orúkọ ọkùnrin tó kó akàn fún mi wà lẹ́nu mi fún ọdún 22, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́ láti sọ ọ́ ju ìbẹ̀rù tèmi lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rán akọ̀ròyìn wá, kó dé Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Èmi ni n ó mú un lọ, n ó fi ọ̀pá ti orúnkún mi lẹ́yìn. Ọmọ ọkùnrin yẹn ti gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀, irú ìgèrè kan náà ló ń dẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi í bóyá yóò gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé ìròyìn. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ lè kọ ti bàbá òun mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alákàn,
Ẹ̀pẹ́